Agbádá Tó Wà Lórí Àga

Bí o bá ń ti ìdí ọkọ̀ Ìkòròdú lọ sí ọ̀nà Ìbẹ̀ṣẹ̀ lónìí, wàá rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí wọ́n ń mọ búlọ́ọ̀kù níwájú rẹ̀. Pátákó ni wọ́n fi bo kànga ilé yẹn, ẹ̀yìn pátákó ló sì kọjú sókè. Má yí i padà o. Mo mọ ohun tó wà lápá kejì, torí ìṣojú mi ni wọ́n kàn án mọ́ ògiri nígbà tí gbogbo wa ṣì ń rẹ́rìn-ín. ÀWÒRÁN Ọ̀SÀ ni wọ́n kọ síbẹ̀, orúkọ ilé iṣẹ́ eré wa.

Kúbúrátù ni mí. Ìyá Aláṣọ ni wọ́n ń pè mí nílé iṣẹ́ náà, nítorí ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ àpótí aṣọ wà, láti orí adé ọba dé orí àkísà wèrè. Oríṣiríṣi ni àwọn aráàlú ti sọ nípa bí Àwòrán Ọ̀sà ṣe kú. Àwọn kan ní owó ló tán, àwọn kan ní obìnrin ló dá àwọn ọ̀gá méjèèjì níjà. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ohùn èèyàn kan ló kọ́kọ́ kú, kí ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e. Ohun tó ṣojú mi ni màá sọ. Èyí tí kò ṣojú mi, Rọ̀kíbátù ìyàwó Fàsásì, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá méjèèjì, ló sọ ọ́ fún mi níbi tó ti ń yan ẹja ní Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, obìnrin yẹn kì í sì í purọ́.

* * *

Ọ̀rẹ́ méjì ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 2001. Oríyọmí Ògúnsànyà, ọmọ Ìkòròdú, ló ń darí eré, òun náà ló sì ń ṣe Baba Àwìṣẹ, olóògùn inú eré wa. Fàsásì Ọláòtán, ọmọ Ẹ̀pẹ́, ló ń gé eré tó ń tò ó pọ̀, òun náà ló sì ń gbé kásẹ́ẹ̀tì kiri. Láyé ìgbà yẹn, bí eré bá máa jáde lórí tẹlifíṣọ̀n ní ìpínlẹ̀ púpọ̀, èèyàn ló máa gbé e débẹ̀. Abẹ́òkúta á fi í hàn tán, Fàsásì á lọ gbà á, ó di Ìbàdàn. Ìbàdàn á ṣe tirẹ̀ tán, ó di Òṣogbo, ó di Àkúrẹ́, ó di Ìlọrin, ó di Èkó. Kásẹ́ẹ̀tì kan náà ni, eruku gbogbo ọ̀nà sì wà lára báàgì tó fi ń gbé e.

Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá jáde, Oríyọmí ni aráyé ń kí. Ohùn rẹ̀ ni. Ohùn náà jinlẹ̀, kì í kánjú, tó bá pe ọfọ̀ nínú eré, àwọn àgbàlagbà á wí "àṣẹ" nínú ilé wọn láìmọ̀. Fàsásì á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú báàgì léjìká. Wọ́n á ní kó bá àwọn ya fọ́tò àwọn àti Baba Àwìṣẹ. Á yà á, á tún rẹ́rìn-ín sí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òfin wa, torí òun ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ìyá Ṣùkúrátù, ìyá tó bí Oríyọmí, ilé olóògùn ní Ìbẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n ti bí wọn. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ọmọ àwọn ń pe ọfọ̀ níwájú kámẹ́rà, wọ́n wá bá wa, wọn ò tilẹ̀ jókòó.

"Ọfọ̀ kò mọ kámẹ́rà," ni wọ́n wí. "Ẹ má pè é sí ẹni tó ní ẹ̀mí. Tẹ́ ẹ bá sì pè é tán, ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ gbọ́ pé eré ni."

Látìgbà náà, bí Baba Àwìṣẹ bá fẹ́ bá ọ̀tá rẹ̀ wí, àga ni màá gbé síwájú rẹ̀. Màá fi agbádá kọ́ ọ, màá fi fìlà lé e, kámẹ́rà á wò ó látẹ̀yìn, ẹni tó ń wòran á rò pé èèyàn ló jókòó. Bí eré bá wá parí, tí orúkọ gbogbo wa bá kọjá tán, Oríyọmí á yọjú lẹ́ẹ̀kan sí i, á ní: "Eré ni o. Eré la ṣe." Àwọn ọmọdé àdúgbò mọ̀ ọ́n sórí. Bí wọ́n bá ti lu ara wọn tán báyìí, wọ́n á ní eré ni o, eré la ṣe.

* * *

Ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún 2005 la ṣe èyí tó pa wá. Baba Àwìṣẹ fẹ́ gba ohùn lẹ́nu ọ̀tá rẹ̀. Agbádá ilé iṣẹ́ wà lórí okùn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́ ni, omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Oòrùn ń lọ, Oríyọmí ń kùn. Fàsásì bọ́ agbádá ara rẹ̀, ẹ̀tù aláró kan tó fẹ́ràn gidigidi, ó fi kọ́ àga.

"Ẹ lo tèmi, Ìyá Aláṣọ," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká ṣíṣẹ́ ká lọ."

Oríyọmí dúró níwájú àga, ó na ìka sí i.

"Ọ̀sà kì í ru kó má rọ. Agogo kì í ké kó má dákẹ́. Ẹja ń la ẹnu, ẹnìkan ò gbọ́ ohùn ẹja. Lámorín, la ẹnu rẹ, kí ayé má gbọ́ ọ."

Oríyọmí sọ pé eré ni, wọ́n pa kámẹ́rà, mo sì kó aṣọ sínú àpótí, ti Fàsásì náà wà nínú rẹ̀. Kò béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ sí ọ̀kan nínú àwọn ilé tẹlifíṣọ̀n wọ̀nyẹn. Ọkùnrin kan níbẹ̀ wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Àbí ìwọ ni dírẹ́bà Baba Àwìṣẹ?" Fàsásì dé ilé, kò jẹun. Ó sọ fún Rọ̀kíbátù pé òun fẹ́ dé Ẹ̀jìnrìn, kó múra kí àwọn jọ lọ.

* * *

Ọ̀sán gangan ni ọkọ̀ ojú omi gbé wọn débẹ̀. Rọ̀kíbátù ní ibi tí wọ́n ń ná ọjà láyé àtijọ́ ṣófo, ẹyẹ kan ò sì ké. Ilé Bísíríyù olóògùn wà lẹ́yìn ọ̀pẹ. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ní kí obìnrin jókòó sí, ṣùgbọ́n aṣọ ni wọ́n ta dípò ilẹ̀kùn, aṣọ ò sì lè dá ọ̀rọ̀ dúró.

"Kí lo fẹ́ gbà lọ́wọ́ Oríyọmí?" ni Bísíríyù béèrè.

"Ohùn rẹ̀, Baba."

"Ẹ̀mí ńkọ́?"

"Rárá o. Ọ̀rẹ́ mi ni."

Bísíríyù rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní kí Fàsásì sọ bí wọ́n ṣe ń pe ọfọ̀ wọn, ó sì gbọ́ ọ títí dé orí "eré ni o".

"Gé e kúrò," ló wí. "Ọ̀rọ̀ tí wọn ò bá pè léré, òótọ́ ló ń dà. Á lọ wá ẹni tí wọ́n bá wí lórí àga. Tí kò bá rí i, á padà sórí ẹni tó sọ ọ́. Gbogbo ìlú tí wọ́n bá ti fi í hàn, á máa lé kún un. Ó dá ẹ lójú pé kò séèyàn lórí àga yẹn?"

"Àga lásán ni."

"Kò sí ohun tó jẹ́ ti ẹnì kankan níbẹ̀?"

"Àga lásán ni, Baba. Àga eré."

Olóògùn náà fún un ní nǹkan kan tí wọ́n fi òwú dúdú dì, pé kó fi sí ìsàlẹ̀ báàgì kásẹ́ẹ̀tì. Ó wá kìlọ̀ fún un pé kó má ju gbólóhùn tó bá gé dànù, torí ọjọ́ tí ọ̀ràn bá yíwọ́, òun nìkan ló lè tú u. Fàsásì dúpẹ́.

* * *

Abẹ́òkúta fi eré náà hàn, Oríyọmí bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ìbàdàn fi í hàn, ohùn rẹ̀ ha. Nígbà tó máa fi dé Àkúrẹ́, bíi pé wọ́n ń fi iyanrìn bọ́ ọ ló ṣe ń sọ̀rọ̀. A ní òtútù ọyẹ́ ni. A fún un ní atalẹ̀, a fún un ní oyin, dókítà tanná sínú ọ̀fun rẹ̀, ó ní òun ò rí nǹkan kan.

Nígbà tó kan Èkó, ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni. Èmi àti ìyàwó rẹ̀, Ọmọ́ṣaléwá, jókòó tì í ní pálọ̀. Baba Àwìṣẹ jáde nínú tẹlifíṣọ̀n, ó na ìka sí ẹ̀yìn agbádá yẹn, ó ní ẹja ń la ẹnu, ẹnìkan ò gbọ́ ohùn ẹja. Oríyọmí di ọ̀fun rẹ̀ mú. Ẹnu tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀, ẹnu tó wà lórí àga ìjókòó ń ṣí, ó ń pa dé, kò sí ohun tó ń ti inú rẹ̀ jáde. Orúkọ gbogbo wa kọjá. Ìpolówó ọṣẹ ló tẹ̀ lé e.

Ọmọ́ṣaléwá pa tẹlifíṣọ̀n, ó sì bú sẹ́kún. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè pa á lẹ́nu mọ́.

* * *

Àárọ̀ ọjọ́ kejì la gbé e lọ sí Ìbẹ̀ṣẹ̀. Ìyá Ṣùkúrátù ti jókòó síta kí a tó dé.

"Àkùkọ mi la ẹnu láàárọ̀ yìí, mi ò gbọ́ nǹkan kan," ni wọ́n wí. "Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń bọ̀. Ṣé ẹ sọ pé eré ni?"

"A sọ ọ́, Ìyá," ni mo dáhùn. "Etí mi gbọ́ ọ."

"Ṣé aráyé gbọ́ ọ?"

Ìgbà yẹn ni mo rántí pé ìpolówó ọṣẹ ló dé níbi tó yẹ kí Oríyọmí ti yọjú. Mo sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n wá béèrè ohun tó wà lórí àga. Mo ní agbádá ni. Wọ́n ní agbádá ta ni.

"Ti Fàsásì."

Ìyá Ṣùkúrátù mí kanlẹ̀. "Ọ̀rọ̀ yìí ń wá ẹni tó ni ín. Aṣọ ló rí, kò rí ara nínú aṣọ, ló ṣe padà sórí ẹni tó sọ ọ́. Ọ̀nà méjì ló wà. Oríyọmí, lọ bẹ ọ̀rẹ́ rẹ kó dá gbólóhùn yẹn padà, kí wọ́n fi í hàn níbi gbogbo tí wọ́n ti fi ọfọ̀ hàn. Ìyẹn á tú u pátápátá, ara tìrẹ á le, ara tirẹ̀ á le. Èkejì ni kí o dá aṣọ padà fún aláṣọ. Ọjọ́ tó bá wọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ á fi ọ́ sílẹ̀ lọ bá a. Ìyẹn yá jù. Ṣùgbọ́n mi ò mọ ibi tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń kó ohùn tó bá gbà sí. Tó bá fẹ́ dá a padà, inú òkùnkùn ló ti ń mú èyí tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà."

Oríyọmí mi orí. Ohùn tó kù fún un kò ju kí èémí jáde lọ. "Èmi kọ́ ni màá lọ bẹ Fàsásì."

"Ìwọ tí o ò lè pe omi kí wọ́n bù ú fún ọ," ni ìyá rẹ̀ wí, "ìgbéraga wo ló kù lọ́rùn rẹ?"

Wọ́n se àgbo fún un, wọ́n sì lọ oògùn dúdú kan tó ń lá pẹ̀lú oyin. Ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í padà díẹ̀díẹ̀, inú wa ń dùn. Lọ́jọ́ náà gan-an ní Ẹ̀pẹ́, Fàsásì ki ọwọ́ bọ báàgì rẹ̀, ó bá òwú dúdú tó ti tú fúnra rẹ̀, ó tutù rinrin bíi pé inú ọ̀sà ni wọ́n ti fà á yọ. Ó sáré padà sí Ẹ̀jìnrìn. Bísíríyù ri nǹkan mìíràn mọ́lẹ̀ létí omi. Kí oòrùn tó wọ̀, ìkòkò àgbo Oríyọmí là sí méjì lórí ààrò, iná ò sì tíì sí nídìí rẹ̀. Ohùn tó ti ń bọ̀ tún sá padà, lọ́tẹ̀ yìí kò fi nǹkan kan sílẹ̀.

* * *

Fàsásì ti kúrò lọ́dọ̀ wa, ó ti gba ọ́fíìsì tirẹ̀ létí omi ní Ẹ̀pẹ́ láti máa ṣe eré. Gbogbo ilé tẹlifíṣọ̀n mọ ojú rẹ̀, òun ló ń wọlé tọ̀ wọ́n, wọ́n sì ti gbà láti máa gba eré lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó kù kò ju kó ṣí ilé náà. Ni fóònù mi bá dún.

"Ìyá Aláṣọ, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Agbádá mi kan wà lọ́dọ̀ yín, ẹ̀tù yẹn. Òun ni mo fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ tí a bá ń ṣílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ránṣẹ́."

Ọkùnrin yìí ń fi ẹnu ara rẹ̀ pe ikú ohùn rẹ̀ wálé, kò sì mọ̀.

"Fàsásì," ni mo ní, "gbólóhùn tí o gé yẹn, ṣé ó ṣì wà lọ́wọ́ ẹ?"

"Gbólóhùn wo nìyẹn, Mà?"

Ó pa fóònù. Rọ̀kíbátù ní ó wojú dúrọ́ọ̀ tábìlì tí kásẹ́ẹ̀tì gbólóhùn náà wà nínú rẹ̀, ó tún gbójú kúrò. Obìnrin náà kúnlẹ̀ fún un.

"Ẹ dá nǹkan yìí padà, ẹ jọ̀ọ́."

"Kí Oríyọmí fi ẹnu ara ẹ̀ wá tọrọ ẹ̀."

"Ẹnu wo? Èyí tí ẹ ti gba ohùn rẹ̀?"

Fàsásì dìde, ó jáde lọ wo omi.

Èmi ní tèmi lọ agbádá, mo gbé e lọ bá Oríyọmí. Mo gbé e sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ìwọ lo ni ọ̀fun," ni mo wí. "Kí n fi ránṣẹ́, àbí kí n má fi ránṣẹ́?" Ọmọ́ṣaléwá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀, obìnrin tó yẹ kó kúnlẹ̀, ó ní òun ló máa bá a lọ bẹ Fàsásì, òun máa fi orí gbálẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, kí ó ṣáà jẹ́ kí àwọn lọ. Oríyọmí ò wò ó. Ó ń fọwọ́ ra ẹ̀tù náà. Apá aṣọ kan ti yí, ó tún un ká dáadáa, bí èèyàn ṣe ń ká aṣọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tì í sọ́dọ̀ mi, ó sì na ọwọ́ sí ìta.

Mo gbé e lọ sí páàkì. Mò ń retí kí ẹnì kan pè mí padà títí ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ fi gbéra.

* * *

Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n ṣílé. Oòrùn ń ràn, ẹ̀fúùfù ń ti orí ọ̀sà fẹ́ wá. Nígbà tí Fàsásì wọ agbádá, ó sọ fún Rọ̀kíbátù pé ọrùn aṣọ yìí mà tutù o. Obìnrin náà ní kó bọ́ ọ, kó wọ òmíràn. Ó ní àwọn èèyàn ti ń dúró.

Ó gba makirofóònù. "Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́," ló wí, ohùn rẹ̀ sì jáde kedere. Ohun tí wọ́n gbọ́ mọ nìyẹn. Ẹnu rẹ̀ ń lọ, ọwọ́ rẹ̀ ń ṣàlàyé, kò sí ohùn. Wọ́n gbá makirofóònù, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n tún wáyà wò. Ó jù ú sílẹ̀, ó ń fi ẹnu lásán pe àwọn tó wà níwájú rẹ̀, wọ́n ń na etí. Rọ̀kíbátù nìkan ni kò na etí. Ó ní òun mọ ẹnu yẹn, torí ojoojúmọ́ ni òun ń rí i nínú abọ́ ẹja.

Láàárọ̀ yẹn kan náà, èmi àti Ọmọ́ṣaléwá ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé ní Ìkòròdú. A gbọ́ ohùn ọkùnrin láti pálọ̀.

"Ọmọ́ṣaléwá, bu omi fún mi."

A wo ara wa. Ohun tó wá sọ́kàn mi ni pé Fàsásì ti wá bẹ̀bẹ̀. Mo tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. A sáré wọlé, a ò bá Fàsásì. Oríyọmí nìkan ló jókòó, ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́fun, ojú rẹ̀ ń dán fún ayọ̀.

"Ìyá Aláṣọ, ó ti dé," ló wí.

Ohùn Fàsásì ni. Kò sí ohun tó dín nínú rẹ̀, títí dórí ohùn Ẹ̀pẹ́ tó máa ń wà ní ìparí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Oríyọmí bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó gbọ́ ẹ̀rín náà, ó dá a dúró. Ọmọ́ṣaléwá fà sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri.

* * *

A gbìyànjú láti ṣe eré sí i. Baba Àwìṣẹ pe ọfọ̀ pẹ̀lú ohùn yẹn, àwọn òǹwòran ní ayédèrú ni, ẹ lọ mú ojúlówó wá. Àwọn ilé tẹlifíṣọ̀n jáwọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 2006, wọ́n já pátákó sílẹ̀ lára ògiri. Ti Ẹ̀pẹ́ náà kò pẹ́ kó tó ti ilẹ̀kùn, torí ta ló máa bá ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ dúnàá-dúrà?

Ìgbà yẹn ni Fàsásì tó gbé kásẹ́ẹ̀tì wá, èyí tó ní gbólóhùn náà. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Oríyọmí, Oríyọmí náà dọ̀bálẹ̀ fún un, èmi ò sì lè wò wọ́n. Àwa mẹ́ta la gbé e kiri, Abẹ́òkúta, Ìbàdàn, Òṣogbo, Àkúrẹ́, Ìlọrin, Èkó. A bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá wa fi í hàn, kò gùn rárá. Wọ́n ní ilé iṣẹ́ wo ló rán yín. A ní Àwòrán Ọ̀sà. Wọ́n ní Àwòrán Ọ̀sà ò sí mọ́.

Ọ̀dọ̀ mi ni kásẹ́ẹ̀tì náà wà. Nígbà mìíràn, àwọn méjèèjì máa ń wá ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, màá sì fi í sínú ẹ̀rọ fún wọn. Oríyọmí àtijọ́ á yọjú, á fi ohùn jíjinlẹ̀ yẹn wí pé eré ni o, eré la ṣe. Lẹ́yìn náà ni Oríyọmí tó jókòó sórí àga mi á wá yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, á ní, "Ṣé o gbọ́ ọ?" Fàsásì á gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń bi í léèrè, á la ẹnu láti dáhùn, omi á sì máa bọ́ lójú rẹ̀.